Ẹ́ńjìnnì Bààlúù Kékeré: Bí A Ti Ń Tú u, Bí A Ti Ń Tọ́jú Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí ẹnjiníà kan nínú ẹgbẹ́ bá àwọn èèyàn sọ níbi ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Warri)

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ni ọ̀rọ̀ bààlúù ń wá níbi tí a ti fẹ́ kó owó ilé ìpàdé jọ. Wọ́n ní kí n ṣáà máa bọ̀, pé àwọn ọ̀dọ́ ń béèrè. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti ìgbà tí bààlúù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Jabiru ti já bọ́ sí títì Oba Akran ní Ikeja ní ọjọ́ kìíní oṣù August 2023, tí Ọlọ́run sì yọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, kò sí ibi tí mo jókòó sí tí ẹnìkan kì í bi mí pé, "Ẹnjiníà, irú ẹ́ńjìnnì wo ni ó wà nínú nǹkan wọ̀nyí ná?" Ìdáhùn mi máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Mo máa ń ní irú èyí tí ó wà nínú mọ́tò yín ni. Pístìn, ríìnì, fáàfù, pílọ́ọ̀gì, kíráńkì, kabúrétọ̀: gbogbo ohun tí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Effurun mọ lórúkọ ni ó wà níbẹ̀.

Kí n tètè là á yéni o. Bààlúù tí ń kó èrò tí ẹ ń rí ní Osubi láti ìgbà tí Shell ti kọ́ pápá náà tí a sì ṣí i ní 1999, àti hẹlikọ́pítà tí ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ epo lọ sójú òkun, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò lo pístìn. Táábáìnì ni tiwọn, epo tí ó jọ kẹrosíìnì ni wọ́n sì ń jó. Bààlúù kékeré tí ń gbé ènìyàn 2 tàbí 4 tàbí 6, tí a fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú níṣẹ́, ni mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin àgbà tí ẹ wọ Dakota ti Nigeria Airways nígbà kan rí, ẹ́ńjìnnì pístìn ni ẹ gbọ́ ariwo rẹ̀ lọ́jọ́ náà, sílíńdà 14 lára ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n tò yí ká bí ìtànṣán oòrùn. Àwọn tí ó sì wà ní agbègbè yìí ní May 1969 kò ní gbàgbé àwọn bààlúù pẹ́pẹ̀pẹ́ tí Count von Rosen, ará Sweden, kó wá fún Biafra, tí wọ́n kọlu pápá bààlúù Benin tí wọ́n sì dé ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Ughelli níbí. Ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 100 péré ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, Continental O-200, irú èyí tí ó wà nínú Cessna 150 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ káàkiri ayé. Ogun ti parí, a dúpẹ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ yìí.

Ní Zaria, níbi tí ìjọba àpapọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ bààlúù sílẹ̀ sí ní 1964, èyí tí a mọ̀ lónìí sí Nigerian College of Aviation Technology, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi Tampico àti Trinidad láti ilẹ̀ Faransé kọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ́ńjìnnì Lycoming ti Amẹ́ríkà ni ó wà nínú méjèèjì. Ní Kaduna, ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn ọmọ ogun òfurufú wa bẹ̀rẹ̀ sí í to bààlúù Air Beetle fúnra wọn, tí a mú àwòrán rẹ̀ láti ara RV-6A ti Van's ní Amẹ́ríkà. Lycoming náà ni wọ́n fi sí i. Bí mo bá wá ń sọ̀rọ̀ títí tí mo ń dárúkọ Lycoming, ẹ má rò pé wọ́n fún mi lówó.

Ẹni tí ó bá ti tú Volkswagen ìjàpá rí yóò dá Lycoming kékeré mọ̀ lójú kan. Sílíńdà 4 ni, 2 lọ́wọ́ ọ̀tún, 2 lọ́wọ́ òsì, wọ́n sùn gbalaja. Kò ní rédíétọ̀, kò mọ omi, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú. Ibi tí ó ti yàtọ̀ ni pé sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní pílọ́ọ̀gì 2, mágínẹ́tò 2 ni ó sì ń fún wọn níná, oníkálukú ní tirẹ̀. Mágínẹ́tò kò bẹ bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, òun náà ń yí, iná ń jáde. Bátìrì lè kú lókè kí ẹ́ńjìnnì má mọ̀ rárá. Bí mágínẹ́tò kan bá kú, èkejì yóò gbé e délé. Kí awakọ̀ tó gbéra, yóò pa ọ̀kan wò, yóò tún ṣí i, yóò pa èkejì wò. Bí eré ẹ́ńjìnnì bá dín díẹ̀, ó dára. Bí ó bá dín jù, tàbí tí ó ń gbọ̀n, ìrìn àjò ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Bí kò bá wá dín rárá ńkọ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa yọ̀ sí èyí, àfi kí a dá wọn lẹ́kun, nítorí ó lè jẹ́ pé mágínẹ́tò tí ó rò pé òun pa, kò kú. Irú rẹ̀ ni pòròpẹ́là rẹ̀ fi ń ṣẹ́ ẹni lápá nígbà tí a bá ro pé a ti pa ẹ́ńjìnnì.

Gbogbo ayé ni ó mọ orúkọ àwọn arákùnrin Wright. Ẹ́ńjìnnì tí ó gbé wọn ròkè ní 17 December 1903, mẹkáníìkì wọn, Charles Taylor, ni ó ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn ní Dayton, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Sílíńdà 4, agbára ẹṣin 12. Mélòó nínú wa ni ó gbọ́ orúkọ Taylor rí? Bí ayé ṣe ń ṣe mẹkáníìkì nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ọ̀rọ̀. Mọ́tò, ìgbà tí ó bá dákẹ́ sójú ọ̀nà ni a ń ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì. Bààlúù kò ní etí ọ̀nà tí yóò yà sí. Nítorí náà, wákàtí ni a fi ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà níwájú awakọ̀ tí ń ka wákàtí bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí ó bá sì kà ni a ń kọ sínú ìwé. Ní wákàtí 50, ọ́ìlì àti fíltà yóò kúrò, ìbáà mọ́ gaara, bí oṣù 4 bá sì pé kí wákàtí 50 tó pé, a kò ní dúró dè é. Ní wákàtí 100, a ó ṣí ìbòrí rẹ̀, a ó yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò. Ní wákàtí 500, ọ̀pọ̀ mágínẹ́tò yóò sọ̀ kalẹ̀ kí a tú wọn wò. Ní wákàtí 2000, fún èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú Lycoming oní-sílíńdà 4, tàbí nígbà tí ó bá pé ọdún 12, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é sọ pé ó tó àkókò láti tú u palẹ̀ pátápátá, èyí tí a ń pè ní ọfahọ́ọ̀lù.

Wákàtí 2000 lè dà bí ohun tí kò lópin létí ẹni. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ilé yín, bí ẹ bá ń tàn án fún wákàtí 8 lálaalẹ́, 250 alẹ́ ni yóò fi pé 2000. Ìwé ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré sọ pé kí a pààrọ̀ ọ́ìlì ní wákàtí 100. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn alẹ́ 12 tàbí 13. Mo fẹ́ kí ẹnìkan nàka sókè nínú gbọ̀ngàn yìí tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rí ọwọ́ 1. Bàbá Àlùfáà, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ́ìlì tí a bá dà jáde kì í ṣe ìdọ̀tí lásán lójú wa. A ó gé fíltà náà ṣí bí ẹni ń gé agolo, a ó tú bébà inú rẹ̀ sílẹ̀, a ó wá irin. Bí ó bá dán bí góòlù, ara búùṣì ni ó ti wá. Bí ó bá dán bí fàdákà, a ó fi òòfà kàn án: èyí tí òòfà kò gbé lè jẹ́ ti pístìn, èyí tí ó bá gbé jẹ́ irin líle, ó sì lè jẹ́ ara ríìnì tàbí kámúṣáfítì. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a gé fíltà bààlúù kan, ohun tí a bá níbẹ̀ ń tàn yẹ́ríyẹ́rí bí iyanrìn etí omi, òòfà sì gbé e. Ẹni tí ó ni bààlúù náà ní àlejò tí ó fẹ́ gbé ní ọjọ́ kejì. Ó ní kí a tan ẹ́ńjìnnì náà kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. A tàn án. Ohùn rẹ̀ dùn, n kò ní purọ́. Ó bẹ̀ wá, ó bínú, ó ní owó ni a ń wá, ó pe ènìyàn ńlá kan lórí fóònù kí ó bá wa sọ̀rọ̀. A kò bu ọwọ́ lùwé. Nígbà tí a ṣí ẹ́ńjìnnì náà, ṣóńṣó orí kámúṣáfítì níbi méjì ti jẹ tán, ó ti di pẹlẹbẹ. Ọkùnrin náà gbé e lọ́wọ́, ó ń yí i padà, yí i padà, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yá ó bi wá pé èló ni tuntun.

Etí tún ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ ìlera sílíńdà, a ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, a ó gbé pístìn lọ sókè pátápátá tí fáàfù méjèèjì padé, a ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ 80 psi wọ ojú ihò pílọ́ọ̀gì. Ẹnìkan yóò di pòròpẹ́là mú ṣinṣin, nítorí bí ó bá já mọ́ ọn lọ́wọ́ ó lè fọ́ni lórí. Gééjì kejì yóò sọ iye tí ó kù nínú 80 náà. Bí ó bá jẹ́ 75, ẹ jẹ́ kó lọ. Bí ó bá ti ń wọ ìsàlẹ̀ 60, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba ibì kan jáde. Gbé etí lé e. Bí ó bá ń dún ṣìì ní ẹnu sàléńsà, fáàfù èéfín ni. Bí ó bá ń dún ní ẹnu kabúrétọ̀, fáàfù tí epo ń gbà wọlé ni. Bí ó bá ń dún níbi tí a ti ń bu ọ́ìlì sí, ríìnì ni. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí ó ti kọjá lọ́wọ́ mi, ọjọ́ tí mo fi èyí hàn wọ́n ni ojú wọn máa ń là pé iṣẹ́ yìí ní ọgbọ́n nínú. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò yín náà kò kọ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ọfahọ́ọ̀lù. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa, bí a bá da ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, a ó fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, a ó fi èékánná ha kíráńkì wò, a ó pààrọ̀ ríìnì, a ó rọ ọ́ padà. N kò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, mo mọ àwọn ọ̀gá tí èékánná wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ péye tó ẹ̀rọ ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ibi tí irin bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sán, tí yóò dá kíráńkì sí méjì nígbà tí bààlúù wà lókè, èékánná kò lè mọ̀ ọ́n, ojú kò sì lè rí i. Kíráńkì yóò kọ́kọ́ di òòfà fún ìgbà díẹ̀. A ó da epo tí a fi lẹ́búlẹ́bú irin pò lé e lórí, a ó pa iná yàrá, a ó sì tan iná kan tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí sí i. Bí ó bá ti sán níbì kan, ìbáà tín-ín-rín ju irun orí lọ, lẹ́búlẹ́bú náà yóò sáré jọ síbẹ̀, yóò máa tàn bí ìlà iná. Èyí tí kò ṣe é sọ di òòfà, bí i páálí ẹ́ńjìnnì tí a fi alúmíníọ̀mù ṣe, aró pupa ni a ń dà lé e. A ó nù ún kúrò, a ó wọ́n ẹfun sí i. Bí ó bá ti sán, aró tí ó sá pamọ́ sínú rẹ̀ yóò yọjú sínú ẹfun. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, ẹ mọ̀ pé aró kì í fi ibi tí ó bá wọ̀ sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ̀n. Gbogbo irin tí ń yí nínú irin mìíràn ni a óò wọ̀n, ìdá kan nínú 1000 íǹṣì ni a fi ń sọ̀rọ̀. Ìwé ilé iṣẹ́ sọ ibi tí irin lè jẹ dé. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, ọ̀gá kan kò lè ní "ó ṣì máa ṣiṣẹ́". Àwọn kan sì wà tí a kì í wọ̀n rárá, tí wọ́n ń lọ sórí ààtàn bí ojú wọn tilẹ̀ ń dán: ríìnì, gásíkẹ́ẹ̀tì, síìlì, fáàfù èéfín, bóòtù àti nọ́ọ̀tì tí ó di ọ̀pá pístìn mú. Ìyàwó mi rí irú bóòtù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi nígbà kan, ó ní ṣé kí òun fi kọ́ àwòrán ni, pé ó ti dára jù láti sọ nù. Mo ní kí ó fi kọ́ àwòrán. Iṣẹ́ tí ó lè ṣe láìpa ènìyàn nìyẹn.

Nígbà tí a bá ń rọ ọ́ padà, sípánà tí ó ní ìwọ̀n ni a fi ń di bóòtù, wáyà ni a sì fi ń so orí ọ̀pọ̀ wọn pọ̀ kí wọn má baà tú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jáde, ẹ má ṣe kẹ́ ẹ. Àṣìṣe tí àwọn olówó máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n á ní nítorí pé ó jẹ́ tuntun kí a máa rìn jẹ́jẹ́. Ríìnì tuntun fẹ́ agbára kí ó tó bá ara sílíńdà mu. Fún nǹkan bí wákàtí 50 àkọ́kọ́, ọ́ìlì gidi tí kò ní àdàlù ni yóò máa mu, agbára rẹ̀ yóò sì wà láàrin ìdá 65 sí 75 nínú 100. Bí a bá kẹ́ ẹ, ọ́ìlì yóò dì mọ́ ara sílíńdà bí gíláàsì, yóò sì máa mu ọ́ìlì títí ọjọ́ tí a óò tún fi tú u.

Ohun tí ń pa ẹ́ńjìnnì bààlúù jù ní irú ilẹ̀ tiwa yìí ni jíjókòó. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, jíjókòó. Nínú Lycoming, òkè kíráńkì ni kámúṣáfítì wà. Bí bààlúù kò bá fò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ́ìlì yóò ti sun kúrò lára rẹ̀ tán, afẹ́fẹ́ Warri tí omi kún inú rẹ̀ yóò sì wọlé. Ìpatà ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá tún tan ẹ́ńjìnnì náà, ìpatà yóò di iyanrìn. Àwọn tí ó mọ èyí dáadáa a máa rán ọmọ kí ó lọ tan bààlúù fún ìṣẹ́jú 10 lórí ilẹ̀. Ìyẹn tún burú jù ú lọ, nítorí epo tí ó bá jóná ń bí omi, ọ́ìlì kò sì gbóná tó láti lé omi náà jáde. Àfi kí ó fò, kí ọ́ìlì gbóná kọjá ìwọ̀n 80 Celsius fún bí ìdajì wákàtí ó kéré tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ilé fún ọdún Kérésìmesì tàbí Iléyá, tí ẹ ń ní kí ọmọ máa tan mọ́tò yín fún ìṣẹ́jú 5 láràárọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Omi tún ní iṣẹ́ ibi mìíràn. Ẹ ó rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ pé yìnyín lè dá ẹ́ńjìnnì dúró lókè Warri nínú oòrùn. Epo tí ń di afẹ́fẹ́ nínú kabúrétọ̀ ń mú ibẹ̀ tutù gan-an, ó lè dín ìgbóná kù ní ìwọ̀n 20 Celsius àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìta bá wà ní 25, tí ọ̀rinrin sì pọ̀ bí ó ti ń pọ̀ níbí ní ìgbà òjò, omi inú afẹ́fẹ́ yóò dì mọ́ ọ̀fun kabúrétọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò máa rọ, yóò máa rọ, awakọ̀ tí kò gbọ́n yóò rò pé epo ni ó tán. Ọwọ́ kan wà tí ó gbọ́dọ̀ fà kí afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ẹ̀gbẹ́ sàléńsà wọlé. Mẹkáníìkì ni ó ń rí i pé ọwọ́ náà ṣe é fà.

Ní ti epo, ọ̀rọ̀ kò pọ̀, ẹ̀yin ará Warri ni ẹ ó máa kọ́ mi. Bẹntiróòlù bààlúù ní àwọ̀ búlúù kí a lè dá a mọ̀. Àràárọ̀ ni a ń fa díẹ̀ jáde láti ìdí táńkì sínú gíláàsì, omi a sì máa wà nísàlẹ̀ bí ó bá wà. Ewu tí ó ju omi lọ ni kí ẹnìkan da epo táábáìnì, Jet A1, sínú táńkì ẹ́ńjìnnì pístìn. Ẹ́ńjìnnì lè tan, ó tilẹ̀ lè gbéra, lẹ́yìn náà ni pístìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Nítorí pé bẹntiróòlù bààlúù ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ti ń yà sí ọ̀dọ̀ Diamond láti Austria, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ pístìn oní-dísù tí ó lè mu Jet A1. Zaria ti rà nínú rẹ̀. Mo rí i pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni ó kù, òun ni ó sì mú mi gbà láti wá. Gbogbo irin inú ẹ́ńjìnnì bààlúù ní ìwé tirẹ̀: ibi tí a ti ṣe é, nọ́ńbà rẹ̀, ẹni tí ó fi sí i, ọjọ́ tí ó fi sí i. Tòkunbọ̀ wà nínú iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ tí kò ní ìwé, òkú ni. Ní 2002, àwọn aláṣẹ bààlúù ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí a yọ kíráńkì àwọn ẹ́ńjìnnì Lycoming 540 kan, nítorí wọ́n ń dá lókè. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé wo nọ́ńbà, ó mọ̀ bóyá ti òun wà nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹni tí kò ní ìwé yóò tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kí ó tó mọ̀. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ ni yóò kọ ohun tí ó ṣe, ẹni tí ó ní láísẹ́ńsì láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ wa, Nigerian Civil Aviation Authority, ni yóò sì bu ọwọ́ lù ú. Bí ọkọ̀ náà bá bọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ wá.

Ẹ wá wo ojú títì Warri sí Sapele, ẹ wo Enerhen, ẹ wo Jakpa Road, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi níbi tí wọ́n ti ń tún Yamaha ọkọ̀ ojú omi ṣe. Àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 17 tí ó lè gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì kí ó sì sọ pé sílíńdà kẹta ni kò ṣiṣẹ́, mo ti rí i, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ọwọ́ tí iṣẹ́ bààlúù ń fẹ́ wà lára wọn. Ohun tí kò sí ni ìwé. Bí wọ́n bá gba fìrídọ̀mù, a ó pa ewúrẹ́, a ó ya fọ́tò, ọ̀gá yóò gbàdúrà, ibẹ̀ ni ó parí sí. Ilé ẹ̀kọ́ Zaria yóò béèrè kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Físíìsì kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí owó ìdánwò, kì í ṣe nítorí pé orí wọn kò pé. Láàrin wa náà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, a ṣì ń wí pé ọmọ tí ìwé bá ṣú lójú ni kí a fi sẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún nínú gbọ̀ngàn yìí gan-an. Ẹni tí kò lè ka ìwọ̀n, tí kò lè kọ ohun tí ó ṣe, n kò ní jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì tí ọmọ mi yóò gùn.

Nítorí náà, Ààrẹ, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Nínú owó tí a ó kó jọ lónìí, kí a yọ ìdá kan nínú 10 sọ́tọ̀ fún owó ìdánwò WAEC àti NECO àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá, ọkùnrin àti obìnrin, mẹkáníìkì, ẹlẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ẹlẹ́tíríkà, wẹ́dà. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà yóò ní kí a kọ́kọ́ parí ilé. Ilé dára. Ṣùgbọ́n ilé ìpàdé lè dúró lórí ìpìlẹ̀ fún ọdún méjì kí nǹkankan má ṣe é, ọmọ ọdún 18 kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ bá gbà, èmi yóò kọ́ wọn ní Físíìsì ní alẹ́ ọjọ́ Wednesday àti Friday láìgba kọ́bọ̀. Mo ní sílíńdà Lycoming ògbólógbòó kan, tí a ti ju ìwé rẹ̀ nù pátápátá, tí kò tún ní fò mọ́ láéláé. Mo ti gbé e sínú mọ́tò mi wá. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ rí inú rẹ̀, kí wọ́n bá mi lẹ́yìn gbọ̀ngàn bí a bá ti ṣe tán pẹ̀lú orí tábìlì àwọn olùfilọ́lẹ̀.